Ọkọ̀ Tí Kò Kúrò Lójú Kan

“Ṣíìfù! Ṣíìfù! Ṣíìfù!” Ohùn Muhydeen la ògiri kọjá, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Láti ìgbà tí a ti kírun Àsùbáà, Ṣíìfù ni mò ń gbọ́ nínú yàrá yìí! Ṣíìfù ló ní kí o wọ funfun. Ṣíìfù ló ní kí o kọjú sí fèrèsé. Ṣíìfù ló ní kí o má jẹun tó wúwo. Ta ló san sàdáàkì rẹ, Ṣíìfù àbí èmi?”

Kaothar ìyàwó rẹ̀ ò gbójú sókè. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ híjáàbù funfun lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹnu ẹlẹ́nu pa.

“Bàbá Aisha, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo àgbà ẹnjiníà tó bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi, Ṣíìfù ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin náà mọ̀.”

“Mo mọ̀ ọ́n! Kí ni mi ò mọ̀? Mo mọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, mo mọ okùn tí wọ́n ń sá a sí!”

“Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.”

“N ò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan! Ọjọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo Dópẹ̀mú ló máa gbọ́!”

Gbogbo Dópẹ̀mú ò tíì gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ti gbọ́. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló là á láàárín. Bí ẹnìkan bá sín níwájú, ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé á ní “pẹ̀lẹ́ o.” Nírú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, òun ló gbọ́ jù.

Agogo mọ́kànlá ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni àwọn tó ń dán àwọn ẹnjiníà inú ọkọ̀ òkun wò máa pe Kaothar lórí láptọ́ọ̀pù. Ó ti ṣe ìdánwò oníwèé, ó ti yege. Ti ẹnu ló kù. Bó bá yege lónìí, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí tí yóò jẹ́ kó lè dá ṣọ́ yàrá ẹ̀rọ nínú ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ kó gáàsì ìdáná ti ní kó gbé ìwé náà wá lọ́jọ́ Ajé, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ọjọ́ Ajé bá lé e lórí láìsí ìwé, ará Fílípínò kan ti wà nílẹ̀ tó máa jókòó síbẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó sí gbogbo àga tó yẹ ká fi ìdí ọmọ wa sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ṣá, tí gbogbo wọn mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ.

Òfin ní kí ẹni tó bá fẹ́ ìwé yẹn lo oṣù méjìlá nínú ọkọ̀ tó ń rìn, kó máa ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Kaothar lo oṣù méjìlá lóòótọ́. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, ọkọ̀ rìn. Oṣù mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ńlá ti kú, ọkọ̀ ti sọ ìdákọ̀ró sísàlẹ̀, ó jókòó sójú kan bí ìyá arúgbó tí ọmọ ò wá wò. Ọlọ́kọ̀ ò ra ẹ̀yà ẹ̀rọ. Kò sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, torí ọkọ̀ tó bá wà lófìfo, wọ́n á jí i tú. Nígbà tó wá tán, Ṣíìfù wọn, Ẹnjiníà Olúṣínà, mú bírò, ó fọwọ́ sí i nínú ìwé Kaothar pé oṣù méjèèjìlá ni ọkọ̀ fi ń ná Wọ̀rí sí Èkó.

Irọ́ ni. Ta ló ní kì í ṣe irọ́? Ṣùgbọ́n ẹ bi ọlọ́kọ̀ tó ní ọ́fíìsì oníyìnyín ní Allen Avenue léèrè bóun náà ṣe ń ṣe tiẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó máa san owó oṣù fún, ó ń gbowó lọ́wọ́ wọn kó tó jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó wọn sí, òkú ọkọ̀. Ẹ̀rọ ìjórin tí Muhydeen fi ń jẹun ni wọ́n tà láti fi ra àyè fún ìyàwó rẹ̀ nínú òkú yẹn. Ní báyìí, ọmọṣẹ́ ni Muhydeen ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ́nà Agége, àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ló ń kí i báyìí pé, “Ọkọ Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀ o!” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ebi ń pa kì í bi oníbúrẹ́dì léèrè ọjọ́ tó yan án.

“Muhydeen.”

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá rẹ̀, Sàídátù, dúró sí, ó gbé abọ́ mọ́sà tó ṣì ń rú èéfín dání. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń rọra jókòó kó tó ta ni.

“Ohùn rẹ dé ìdí ààrò lọ́hùn-ún. Mo ní kí n wá wò ó bóyá ilé ló ń jó.”

“Màmá, ẹ bá mi bi ìyàwó yín—”

“N ò bi í ní nǹkan kan. Sàráà ni mo ń ṣe. Wọn kì í fi ìjà dín mọ́sà.” Ó na abọ́ sí Kaothar. “Ìyàwó mi, mú mẹ́ta.”

“Màmá, Ṣíì—” Kaothar gbé ìyókù ọ̀rọ̀ mì. “Wọ́n ní kí n má jẹ nǹkan tó wúwo.”

Muhydeen pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ ọ! ‘Wọ́n ní’! Ó ti di ‘wọ́n ní’! Orúkọ èèyàn kì í wúwo lẹ́nu báyẹn tí ò bá sí nǹkan níbẹ̀!”

“Mọ́sà ò wúwo,” ni Sàídátù wí. “Jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ló wúwo.”

Kaothar mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ojú Muhydeen wà lára rẹ̀ títí ó fi gbé e mì.

Ohun tó wà lójú ọkùnrin yẹn kò ju okùn aṣọ kan lọ. Fún oṣù mẹ́jọ tí ọkọ̀ fi dúró, gbogbo Sátidé ni Muhydeen ń gbé ọbẹ̀ lọ fún ìyàwó rẹ̀ lójú omi. Á wọ ọkọ̀ pákó ẹlẹ́ńjìnnì létí omi, á ki abọ́ ọbẹ̀ sáàárín itan kó má baà dànù. Ibi tó bá ọkọ̀ ńlá yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ni yóò bá a lọ́sẹ̀ yìí. Á gbójú sókè kó tó gun àkàsọ̀. Kóróòlù Kaothar, aṣọ iṣẹ́ aláṣọpọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ nídìí ẹ̀rọ, á wà lórí okùn. Ti Ṣíìfù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á fẹ́, apá ọ̀kan á kọ́ apá èkejì lọ́rùn. Kaothar ti ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ gbẹ: èèyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú ọkọ̀, okùn kan ni gbogbo wọn ń sá aṣọ sí. Muhydeen ò rí ti àwọn méjìlá yòókù rí. Ojú owú ò mọ ìṣirò.

Sàídátù gbé mọ́sà káàkiri ilé. Ó fẹ́ kí ẹnu gbogbo wọn mì, kí àdúrà wọn lè pọ̀. Àṣìṣe rẹ̀ náà nìyẹn, tó bá jẹ́ àṣìṣe: ẹni tó bá jẹ mọ́sà rẹ fún ìdánwò, o ti sọ fún un pé ìdánwò wà.

Damaris, tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata níwájú ilé, gba tiẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ láti ìsọjí àárọ̀.

“Ìyá Muhydeen, ẹ má fòyà. Láti mọ́kànlá, ẹ̀rọ mi ò ní dún mọ́ títí wọ́n á fi parí. Mo ti ní kí àwọn oníbàárà mi gbé ata wọn lọ sísàlẹ̀ àdúgbò. A sì ti dárúkọ ìyàwó yín níwájú pẹpẹ.”

“Ẹ ṣé, Sístà. Ọlọ́run á gbọ́.”

“Àmín.” Damaris rẹ ohùn sílẹ̀. “Àmọ́ kí ẹ sọ fún ọmọ yín kó pa ẹ̀rọ tiẹ̀ náà o. Tèmi ní suwíìṣì.”

Sàídátù rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Òjòwú ò lẹ́ran láyà, Sístà. Ẹ jẹ́ kó máa ké. Ó máa rẹ̀ ẹ́.”

Lábẹ́ agbòjò POS tó wà lẹ́nu géètì, Simbiat mú mẹ́rin. Òun àti Kaothar jọ jáde ní pólì kan náà lọ́dún kan náà. Simbiat ka ìṣirò owó, Kaothar ka ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Láti ìgbà náà, owó olówó ni Simbiat ń kà, gbogbo ìgbà tí Kaothar bá sì kọjá pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó máa ń ṣi owó kà.

“Ọlọ́run á ṣe é fún un o, Màmá,” ni Simbiat wí, òróró ń tàn lẹ́nu rẹ̀. “Ká ṣá má rí ìjọ̀ngbọ̀n obìnrin tó bá ju ọkọ lọ.”

“Àmín sí apá àkọ́kọ́,” ni Sàídátù dá a lóhùn, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó kọjá.

Nígbà tí mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Kaothar ti jókòó ti tábìlì. Iná wà, ìyẹn nìkan ni kò bá wọn jà lọ́jọ́ náà. Ó gbé láptọ́ọ̀pù lé orí àpótí mílíìkì méjì kó lè bá ojú rẹ̀ mu. Ó to ìwé rẹ̀ síwájú: ìwé ìrìnnà òkun, ìwé dókítà, ìwé tí Ṣíìfù fọwọ́ sí.

“Bàbá Aisha, ẹ má bínú. Òfin wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má sí nínú yàrá pẹ̀lú mi. Wọ́n máa ní kí n yí láptọ́ọ̀pù kiri, kí wọ́n rí gbogbo kọ̀rọ̀.”

“Èmi ni kí n jáde nínú yàrá tí mò ń sanwó ẹ̀?”

“Fún wákàtí kan péré.”

“Ṣíìfù ńkọ́? Òun náà ò ní sí níbẹ̀?”

Kaothar to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀. “Ìparí ni wọ́n máa pè é wọlé. Kó lè jẹ́rìí pé òun ló fọwọ́ sí ìwé mi. Láti ilé ẹ̀ ní Òmọ̀lé ni, lórí ẹ̀rọ.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.” Muhydeen mi orí bí ẹni tó rí ojútùú àlọ́. “Ọkọ jáde. Ṣíìfù wọlé.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Aisha. Ẹ jẹ́ kí eléyìí bọ́ fún wa. Ẹ̀rọ ìjórin yín ni mo máa kọ́kọ́ rà padà, mo fi Ọlọ́run búra. Ẹ ṣá bá mi fara dà á lónìí. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́jọ yẹn, mo ti tán nìyẹn.”

Muhydeen ṣe tán kó dá a lóhùn ire. Ó ti la ẹnu. Fóònù Kaothar sì dún lórí tábìlì, orúkọ tó yọ lójú rẹ̀ sì ni “Ṣíìfù.” Muhydeen pa ẹnu dé. Ó gbé aṣọ kọ́tínì, ó jáde.

Báńṣì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá wọn. Ibẹ̀ ló jókòó sí. Ariwo ẹ̀rọ Damaris dúró lójijì. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi dá eré dúró. Kò pẹ́ sí i ni Simbiat wọlé, agbòjò rẹ̀ lábẹ́ abíyá.

“Mo ní kí n wá bá yín jókòó, Bàbá Aisha. Kò dáa kí èèyàn máa dá nìkan ronú.”

“Ta ló ń ronú?”

“Mo mọ̀ pé ẹ ò ronú.” Ó jókòó. “Ẹ̀yin lẹ sùúrù jù ní àdúgbò yìí. Ọkọ tèmi, ká ní èmi ni mo bá ọkùnrin sùn sínú irin oṣù mẹ́jọ, á ti—”

“Ta ló bá a sùn?”

“Mo ní wọ́n jọ sùn nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ kan náà. Mi ò ní yàrá kan náà. Ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ o.”

Muhydeen fa fóònù yọ. Ó ṣí fọ́tò síwájú rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń yà á láti inú ọkọ̀ pákó, kó tó gun òkè, ó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Okùn. Kóróòlù méjì. Okùn. Kóróòlù méjì. Simbiat wò ó títí, ó sì ṣe ohun tó burú ju ọ̀rọ̀ lọ: ó pòṣé.

Láti ẹ̀yìn kọ́tínì, ohùn àgbà ọkùnrin kan dé, ohùn tó gbẹ bí ewé kókò inú ọyẹ́.

“Arábìnrin Kaothar. Ẹ yí ẹ̀rọ yín kiri kí n rí yàrá. Ó dáa. Yorùbá ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?”

“Èyí tó bá wù yín, sà.”

“Ẹ̀rọ ò gbọ́ ìkankan. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ bó ṣe wá sẹ́nu.” Ìwé ṣí. “Agogo mẹ́ta òru. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nídìí ẹ̀rọ. Àlámù dún pé epo ti di kùrukùru nínú ikùn ẹ̀rọ ńlá. Kí lẹ máa ṣe?”

“Mi ò ní ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ, sà.”

“Kí ló dé?”

“Nǹkan kan ti gbóná kọjá ààlà nínú ikùn rẹ̀. Bí mo bá ṣí i, afẹ́fẹ́ á wọlé bá kùrukùru epo, gbogbo rẹ̀ á bú gbàmù. Màá dín eré ẹ̀rọ kù. Màá sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ lókè. Màá pa á. Màá kó gbogbo èèyàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà màá dúró, sà, kó tutù.”

“Títí dìgbà wo?”

“Ó kéré tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá ń ṣe mí bíi kí n ṣí i, màá tún dúró sí i.”

Ohùn ọ̀hún ṣe “hùn-ún.” Ó tún bi í nípa pọ́ọ̀ǹpù, ó dáhùn. Ó bi í nípa omi inú ikùn ọkọ̀, ó dáhùn. Ó bi í bí wọ́n ṣe ń wọn àlàfo tó wà láàárín písítìn àti ilé rẹ̀, Kaothar sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ń júwe bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Damaris ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú ilé, ètè rẹ̀ ń mì. Muhydeen fúnra rẹ̀, ọmọ irin, mọ písítìn. Ó mọ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ rọ̀. Orí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀, bí i ti bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń ké Kùránì níwájú àwùjọ.

“Ta ló kọ́ yín báyìí?” ni ohùn gbígbẹ náà bi í.

“Ṣíìfù mi ni, sà.”

Orí tó ń mì dúró.

“Ṣíìfù ‘mi’,” ni Simbiat wí jẹ́jẹ́.

“Ó dáa. Òun náà ti wọlé. Ẹnjiníà Olúṣínà, ẹ gbọ́ mi?”

“Mo gbọ́ yín dáadáa, sà!” Ohùn tó yọ̀ ni, ohùn ẹni tó jẹun kánú. “Sà, kí ẹ má wulẹ̀ dààmú. Mo mọ ọmọbìnrin yìí bí ẹni mowó. Tọ̀sán tòru la jọ wà. Agogo méjì òru, tí mo bá ní ‘Kaothar,’ kí n tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ti dúró tì mí!”

“Agogo méjì òru kẹ̀,” ni Simbiat wí.

Muhydeen dìde.

“Muhydeen, jókòó,” ni Sàídátù wí láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pọn Aisha ọmọ wọn sẹ́yìn.

Ó fa kọ́tínì ya kúrò lára irin rẹ̀.

“Kí lẹ ń ṣọ́?” Ó ti dé iwájú láptọ́ọ̀pù, ó ti ejìká ìyàwó rẹ̀ sápá kan. Ojú méjì ló wà lójú ẹ̀rọ, àgbà kan tó wọ gíláàsì, àti Ṣíìfù pẹ̀lú fìlà rẹ̀. “Ìwọ Olúṣínà! Agogo méjì òru, kí lẹ jọ ń ṣọ́? Ẹ̀rọ tó ti kú? Ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan!”

“Bàbá Aisha!” Kaothar di apá rẹ̀ mú. “Bàbá Aisha, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!”

“Ta nìyẹn?” ni olùdánwò béèrè.

“Sà, ẹ má dá a lóhùn,” Ṣíìfù yára gbà á. “Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹ jẹ́ ká—”

“Ẹnjiníà, ẹ dákẹ́.” Àgbà náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. “Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn sọ tẹnu rẹ̀.”

Àyà Muhydeen fẹ̀. Fún oṣù gbọọrọ, kò sí ẹni tó bá a pa Ṣíìfù lẹ́nu mọ́ rí. Ó to fìlà rẹ̀. Ó tẹ orí ba díẹ̀ fún àgbà.

“Ẹ ṣeun, sà. Muhydeen lorúkọ mi. Ọkọ rẹ̀ ni mí.”

“Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ọkọ̀ ò kúrò lójú kan?”

“Rárá o, sà! Èmi fúnra mi ni mò ń gbé ọbẹ̀ lọ ní gbogbo Sátidé. Ibi tí mo bá a lóṣù Kẹta, ibẹ̀ ni mo bá a lóṣù Kẹwàá. Èèyàn tó bá ń ṣiṣẹ́, mo lè gbà pé kò ráyè ìṣekúṣe. Àmọ́ oṣù mẹ́jọ! Láìṣe nǹkan kan! Ọkùnrin àti obìnrin!”

“Bàbá Aisha…”

“Ṣé ẹ ní ẹ̀rí?” ni olùdánwò bi í.

“Ẹ̀rí?” Muhydeen rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù sójú ẹ̀rọ. “Sà, ẹ wò ó. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta. Aṣọ rẹ̀ nìyí. Aṣọ ọkùnrin yìí nìyí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe lẹ̀ mọ́ra!”

“Mo rí i. Ṣéènì ìdákọ̀ró ló wà nísàlẹ̀ yẹn?”

“Òun ni, sà. Inú omi ló wà. Oṣù Kẹrin nìyí. Aṣọ méjèèjì rè é.”

“Ẹ gbé e sún mọ́ mi díẹ̀. Kí ló tutù yọ̀yọ̀ lára ọkọ̀ níbi tí omi dé yẹn?”

“Ewé omi ni, sà. Ó ti ń hù. Ẹ wo ti oṣù Kẹfà, ó ti tó ìka kan. Ti oṣù Kẹsàn-án nìyí, ó ti gùn bí irùngbọ̀n àlùfáà. Ẹ wo aṣọ, sà! Ọwọ́ tiẹ̀ ló wà lọ́rùn tọkùnrin yìí!”

“Mò ń wò ó. Ẹ rọra. Òmíràn ńkọ́?”

Ó ń fi hàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bírò àgbà náà ń rìn lórí ìwé. Kaothar ti kúrò lórí àga, ó ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ mú.

“Ẹ dákẹ́. Bàbá Aisha, ẹ dákẹ́. Muhydeen! Muhydeen, dákẹ́!”

Ní ọdún méje, kò pè é lórúkọ rí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnìkan ní, “Yéè!” Muhydeen wò ó nílẹ̀.

“O ti ń pè mí lórúkọ,” ni ó wí. “Nítorí tirẹ̀.” Ó sì ṣí fọ́tò oṣù Kẹwàá.

“Ẹnjiníà Olúṣínà,” ni olùdánwò wí, “ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbí pé lóṣù Kẹta títí dé Kẹwàá, ọkọ̀ yìí ń ná Wọ̀rí sí Èkó?”

Ojú Ṣíìfù wà lójú ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú ọ̀hún di dúdú, orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù, orúkọ náà sì lọ.

“Ó ti sá!” Muhydeen yí sí ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo wọn lè rí i. Damaris wà níbẹ̀, Simbiat wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró láàárín wọn. Ó ń wo ọmọ rẹ̀, ó ń gbọn Aisha lẹ́yìn rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ò sunkún. “Ẹ ò rí i? Ẹni tí kò bá ṣẹ̀ kì í sá!” Ó tún yíjú sí láptọ́ọ̀pù, omi ti lé sí i lójú. “Sà, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á bá mi san yín lẹ́san rere. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ ọ́, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó fetí sí mi.”

“Mo gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀.”

Kaothar fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Híjáàbù funfun náà ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jókòó níwájú ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì.

“Arábìnrin Kaothar, gbogbo ohun tí mo bi yín lẹ dáhùn. Látọjọ́ Ajé tí mo ti wà nídìí ìdánwò ọ̀sẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ tó yín.”

Kaothar gbójú sókè.

“Oṣù mẹ́rin ni mo rí kà. Ìwé irọ́ lẹ gbé wá síwájú mi. Mo ti fagi lé orúkọ yín. Ọdún márùn-ún, kẹ́ ẹ tó lè tún jókòó fún ìdánwò yìí.” Ó ṣí ìwé kejì. “Ẹni tó kàn.”